Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹ̀yìn Mi Láti Jókòó

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, ọyẹ́ sì mú débi pé eruku bo gbogbo gíláàsì fèrèsé gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ti mọ́ mi lára láti máa kọ ọjọ́, aago àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí òkè ojú ewé kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi rántí. Ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo dìde kúrò nídìí ìdánwò ìṣirò nígbà tí ó ku wákàtí kan."

Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí wọ́n béèrè. Mo ti dáhùn ìbéèrè mẹ́fà, mo ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa, mo sì ti ya àwòrán tí ó wà nínú ìkeje dé ìdajì. Ẹ̀yìn mi ni kò gbà. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n ń fi ìlarun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná ya mí sí méjì. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí itan òsì, ẹsẹ̀ náà sì kú. Mo yí ìdí padà, mo tún un yí padà, títí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn mi fi sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń mi tábìlì mi." Ìgbà náà ni mo dìde.

Alámòójútó ìdánwò súnmọ́ mi. "Ṣé ẹ ti parí ni, Mà?"

"Rárá o. Ẹ̀yìn ni."

"Tí ẹ bá jáde báyìí, ẹ ò ní lè wọlé mọ́ o."

"Mo mọ̀."

Mo fi ìwé lé e lọ́wọ́, mo sì di ògiri mú títí mo fi dé ìta.

Nígbà tí èsì jáde, mo yege nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, ìṣirò nìkan ni mo pàdánù. Ìṣirò náà gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀ kò lè fojú fò, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ọmọdé ni mo fẹ́ kọ́ níbẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà. Mo jókòó, mo rò ó dáadáa, mo sì pinnu pé n óò tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà òjò. Bí mo bá tún dìde kúrò lórí àga kí wákàtí méjì ààbọ̀ tó pé, n óò kó ìwé mi jọ, n óò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. N kò sọ ìpinnu yìí fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi, òun náà kò sì bá mi jiyàn.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ mi kò ní béèrè ibi tí ẹ̀yìn dídùn náà ti wá. Irun ni mo ń dì, ní Òkókómáìkò, fún ọdún mọ́kàndínlógún. Oníbàárà á jókòó sórí àpótí kékeré, èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, n óò tẹ̀ ba, n óò fi ìlarun ya irun, n óò sì máa dì í láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Orí kan lè gba wákàtí mẹ́ta. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí ó tín-ín-rín, ó lè gba márùn-ún. Orí mẹ́rin ni mo ń dì ní ọjọ́ tí ọjà bá dára. Tí ó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, n óò kó ìwé sínú báàgì, n óò lọ sí kíláàsì àwa àgbàlagbà ní Ọ̀jọ́. Yàrá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ń yá lò, àga àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni a ń jókòó lé. Orúnkún ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kan àyà níbẹ̀.

Mo ti lọ rí dókítà. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì ní egungun mi kò ní àléébù, pé iṣan ni ó rẹ̀. Ó fún mi ní oògùn ìrora, ó sì sọ pé kí n dín títẹ̀ ba kù. Mo sọ fún un pé títẹ̀ ba ni iṣẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá ọ̀nà láti mú iṣan ikùn àti ti ẹ̀yìn le nígbà náà. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, kò sì ráyè sọ bí n óò ṣe ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni ọ̀já. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ìyá onílé wa ní Ìbà ni ó di ikùn mi bí wọ́n ṣe ń di ti gbogbo ìyá ọmọ tuntun, kí ikùn lè padà sí àyè rẹ̀. Àwórì ni màmá náà, ó ti gbẹ̀bí rí, ó sì mọ bí a ṣe ń fa ọ̀já kí ó le láìjẹ́ pé ó ń ge ni. Ọmọ náà dàgbà, ikùn padà sí àyè, ṣùgbọ́n n kò tú ọ̀já náà. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí mo bá ti dìde lórí ibùsùn, ni mo máa ń wé e mọ́ ìbàdí nígbà mẹ́ta, tí n óò fi etí rẹ̀ bọ abẹ́. Ọdún méjìlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti di bí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ fún mi, n kì í rò ó mọ́ rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ ìdárayá yìí wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí ó gba yàrá ní Ìbà wá di ṣùkú. Ó ti wà ní ọdún kẹta, nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti eré ìdárayá ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ lórí àpótí. Mo ti dìde nà tàntàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó dé àárín orí rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé orí mi tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe orí rẹ. Ẹ̀yìn mi ni."

"Ẹ̀yìn yín ló wá ń fa irun mi báyìí? Ẹ rọra o, awọ orí nìyẹn!"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìdánwò. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù rẹ̀ sókè kọjá èjìká kí n lè máa wò ó bí mo ṣe ń dì. Obìnrin kan ni ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú fídíò náà, ó ká orúnkún, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, tí ó tún ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Pílátíìsì ni wọ́n ń pè é," ni ó wí. "Ilé lẹ ti lè ṣe é. Ẹní nìkan ló gbà."

"Obìnrin yìí ń sinmi ni."

"Kò sinmi o, Àǹtí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀. Inú ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ yẹn kàn ń dán an wò ni."

Kí ó tó lọ, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, mo sì ní kí ó pe ìdárayá náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe àpèkọ. Márùn-ún ni. Àkọ́kọ́ ni mímí: kí èémí wọlé gba ẹ̀gbẹ́ ìhà, kí ó sì jáde lẹ́nu pẹ̀lú ikùn tí ó ń fà wọlé. Èkejì ni gbígbé ẹsẹ̀ kan lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni gbígbé ìbàdí kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ká ẹní. Ẹ̀kẹrin ni kí n fi ọwọ́ àti orúnkún lélẹ̀, kí n na ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, kí n tún pààrọ̀. Ìkarùn-ún ni fífi ìdí jókòó lé gìgísẹ̀ kí ẹ̀yìn lè nà. Mo bi í pé báwo ni n óò ṣe mọ̀ bí mo bá ń ṣe é dáadáa.

"Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn yín. Tí ẹ bá ń mí síta, ó gbọ́dọ̀ le lábẹ́ ọwọ́ yín. Ìyẹn ni àmì."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: àmì, kí ikùn le. Mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo fi sí, kí ariwo àwọn tí ń pọn omi tó bẹ̀rẹ̀. Àyè tí ó wà láàárín ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù kò gba ènìyàn tán, nítorí náà orí mi máa ń wà lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi jí, ó fẹ́ jáde, ó sì bá mi ní gbọọrọ lójú ọ̀nà.

"Kí ni kí n ṣe báyìí?" ni ó béèrè. "Ṣé kí n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ ni?"

"Ẹ má dán an wò. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n ga mọ́ ni?"

"Ìwọ tí o ti ga tán láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ." Síbẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ kọjá. Ó gba orí ibùsùn yípo, ó ń gbá bàtà rẹ̀ mọ́ àyà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣe láràárọ̀ láti ọjọ́ náà.

Mo ya ojú ewé sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, ìdárayá, iye ìgbà, àmì. Láràárọ̀ ni mo fi ọwọ́ kan ikùn mi bí ó ṣe wí. Láràárọ̀ ni ó le. Mo kọ "ó le" ní ọjọ́ kìíní, mo kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, mo sì kọ ọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún láìfo ọ̀kan. Inú mi dùn sí ojú ewé náà. N kò tíì ní iṣẹ́ àmúrelé kan tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò sàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó burú sí i. Mo wo ìwé mi, n kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, mo sì parí èrò sí pé iye ìgbà ni ó kéré. Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò náà nìyẹn: bí ọ̀nà bá tọ̀nà tí ìdáhùn kò bá pé, a ó wo iye tí a fi sí i. Mo gbé e láti mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo tún gbé e sí ogún. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, olùkọ́ pè mí sójú pátákó láti yanjú ìbéèrè kan, n kò sì lè dìde lórí àga ọmọdé náà. Àwọn méjì ni wọ́n fa ọwọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tí ń tún fìríìjì ṣe, sọ pé, "Ìyá wa, ṣé wọ́n kàn yín mọ́ ọn ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi: ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ó kù kí ìdánwò tó dé, èmi tí n kò lè dìde lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú.

Mo pa ìdárayá náà tì. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà wá tú ṣùkú rẹ̀. Ó ti tú ìdajì orí fúnra rẹ̀ nílé kí ó tó dé, apá kan irun rẹ̀ sì dúró gangan.

"Pílátíìsì ńkọ́, Àǹtí?"

"Mo ti fi sílẹ̀. Kì í ṣe fún irú wa. Wo ìwé mi, n kò fo ọjọ́ kan, ó sì ń pa mí."

Ó gba ìwé náà, ó ṣí i, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ tẹ́ ẹní," ni ó wí. "Ẹ ṣe é kí n rí i."

Kò sí oníbàárà mìíràn. Mo fa kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn mi. N kò tíì mí síta rárá tí ó fi yọ ọwọ́ kúrò.

"Àǹtí, kí lẹ jẹ?"

"Kí ló dé?"

"Ikùn yín le bíi pákó, ẹ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀." Ó tún fi ọwọ́ kàn án, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. "Kí lèyí tó wà lábẹ́ aṣọ yín?"

"Ọ̀já ni."

"Ọ̀já? Èyí tí wọ́n fi ń pọn ọmọ? Ta wá lẹ pọ̀n?"

"Ẹ̀yìn mi ni mo pọ̀n," ni mo dá a lóhùn.

Ó ṣubú lé ẹ̀gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó na ìwé àkọsílẹ̀ mi sókè. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún, Àǹtí! Ọ̀já ló ń ṣe ìdárayá, ẹ̀yin ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ó ní kí n tú u. Mo kọ́kọ́ kọ̀, mo ní n kì í tú u lọ́sàn-án. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí olùkọ́. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí iṣan ikùn máa ṣe, aṣọ ni ó ń bá a ṣe é láti ọdún méjìlá. Iṣan náà ti lọ sùn. Èémí kò sì ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ ìhà, nítorí ọ̀já ti há a mọ́. Nígbà tí mo wá ń gbé ẹsẹ̀ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ogún ìgbà, ẹ̀yìn nìkan ni ó ń gbé e.

Mo tú u. Ó ní kí n mí síta, kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ tán tí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀ sókè, tí ó kúrò lórí ẹní. Ó ki ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀yìn mi, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí àyè ibẹ̀ fẹ̀ sí i bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo ṣe ẹyọ kan. Mo ṣe èkejì. Ní ẹ̀kẹta, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ti ọmọ tí ó ń sunkún, ó sì ní kí n dúró.

"Méjì ni tiyín," ni ó wí. "Méjì méjì, fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ogún."

Mo mú bírò, mo fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí ojú ewé tí inú mi ti dùn sí. Ó ṣòro fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo fọ ọ̀já náà, mo sì sá a sórí okùn. Ìyá onílé jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rí i.

"Ìyàwó, ta ló tú ọ lọ́já?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ fún un.

"Ọmọ yunifásítì. Ó dára. Ṣé ọmọ náà ti bímọ rí?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé ó ti gbẹ̀bí ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá, Mà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn yẹn bá já, òun náà ni kí o ránṣẹ́ pè kó wá bá ọ so ó. Má pè mí o. Mo ti darúgbó, etí mi kò gbọ́ran mọ́."

N kò lè fi ojú kéré ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó ti gbà lọ́wọ́ ìrora pọ̀ ju ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ, èmi náà sì wà lára wọn. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá tú ọ̀já pátápátá tí ìyá náà sì tọ̀nà, n kò ní lè dúró níbi iṣẹ́ débi tí n óò jókòó níbi ìdánwò. Nítorí náà n kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tán. N kò wé ọ̀já bí mo bá ń ṣe ìdárayá. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo wé e, ṣùgbọ́n mo ń tú u ní wákàtí kan ṣáájú ti àná: aago mẹ́ta lónìí, aago méjì lọ́la. Bí ó bá di ọjọ́ tí ẹ̀yìn dùn mí jù, n óò dúró lórí aago kan náà fún ọjọ́ méjì kí n tó tẹ̀ síwájú. Mo tún gbé àpótí oníbàárà lé orí igi méjì kí orí wọn lè ga sí i. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí n tó ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìwé nǹkan kan mọ́ ìbàdí. Ní ọjọ́ náà ara mi rí bí ẹni tí ó jáde nílé láìwọ aṣọ tán, ọwọ́ mi kò sì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò já.

Ìdárayá náà kò yá. Méjì di mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta di márùn-ún ní ìkẹrin. Mo yí ohun tí mo ń kọ sí ọ̀nà kẹrin padà. N kò kọ "ó le" mọ́. Mo ń kọ bóyá ẹ̀yìn kúrò lórí ẹní tàbí kò kúrò. "Ó kúrò" pọ̀ níbẹ̀ ju "kò kúrò" lọ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé mímí náà, èyí tí mo ti kà sí ohun tí kò ju àlàfo lọ láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn, ni mo lè ṣe níbikíbi. Mo ń ṣe é lórí àga ọmọdé ní kíláàsì, mo ń ṣe é bí mo ṣe dúró ti orí oníbàárà. Bí mo bá mí síta tí mo fa ikùn wọlé, ìrora á rẹlẹ̀ díẹ̀, kì í lọ, ṣùgbọ́n á rẹlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo ń gbé àga onígi síta, mo ń ṣe ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago níwájú mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo lo àádọ́ta ìṣẹ́jú kí n tó dìde. Lẹ́yìn náà ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá onílé máa ń yọjú.

"Ìyàwó, o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Mà."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

"Hùn." Yóò sì wọlé padà. Kò sọ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ, n kò sì retí pé kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó kẹ́yìn, mo lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò dé wákàtí méjì ààbọ̀ rí kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo ti ṣe ìdárayá mi, márùn-ún márùn-ún, n kò fi ọ̀kan kún un. Wọ́n pín ìwé ní aago mẹ́sàn-án. Ìrora náà dé nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní ibi kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Mo fi bírò lélẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀, mo jẹ́ kí èémí gba ẹ̀gbẹ́ ìhà wọlé, mo mí i síta lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo ń kà á. Ẹni tí ó ń wò mí lè rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ìrora náà dúró ní àárín itan, kò dé orúnkún. Mo gbé bírò. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù. Ìṣẹ́jú tí mo fi ń mí náà, mo mọ̀ pé mo ń pàdánù rẹ̀ nínú àkókò ìdánwò, nítorí náà mo fo ìbéèrè kan tí mo mọ̀, èyí tí ó gùn jù, mo sì mú èyí tí ó kúrú.

Nígbà tí wọ́n ní kí a dá ọwọ́ dúró, mo wà lórí àga. Wọ́n gba ìwé mi lọ́wọ́ mi níbi tí mo jókòó sí. N kò lè dìde lójú ẹsẹ̀, mo sì jẹ́ kí àwọn tí ó wà ní ìlà mi kọjá tán kí n tó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì. Ẹsẹ̀ òsì kú díẹ̀, ó sì jí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Mo yege nínú ìṣirò náà, kì í ṣe pẹ̀lú máàkì ńlá, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí wọ́n béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà mí. Orí méjì ni mo ń dì lóòjọ́ báyìí dípò mẹ́rin, n kì í sì í ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́.